Tìróò Lójú Rọ́bọ́ọ̀tì

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé. Àwọn tó ṣẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀, mo sì rántí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọ́n tọ́ mi dàgbà pé àgbà là ń fi síwájú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi jù mí lọ. Èrè ọdún mẹ́ta yẹn ló ń jẹ títí di òní.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí rédíò bàbá wa dákẹ́. Tishigu, nílùú Tamale, là ń gbé nígbà náà, yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Bàbá wa ń ta aṣọ, ìyá wa ń fi àtẹ ta tìróò, ìlẹ̀kẹ̀ àti abẹ́rẹ́. Rédíò náà nìkan ni ohun tí bàbá wa ní tí àwọn aládùúgbò kò ní. Ní ìrọ̀lẹ́, á gbé e sẹ́nu ọ̀nà, á yí ojú rẹ̀ síta, kí àwọn tó ń kọjá lè mọ̀ pé àwa tá a wá láti ọ̀nà jíjìn náà kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, bàbá wa ti lọ kírun. Mo fi ọ̀bẹ ìdáná tú ẹ̀yìn rédíò náà. Mo rí i pé ibi tí bátìrì ti ń fara kan irin ti hu nǹkan àwọ̀ ewé bí omi àmù tó ti pẹ́, àti pé wáyà kan ti já kúrò lára sípíkà. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ irin náà. Mo ki ẹnu ọ̀bẹ bọ inú ẹ̀yinná títí ó fi pọ́n, mo fi yọ́ lẹ́ẹ̀dì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo sì fi wáyà náà sí i kí ó tó tutù. Ẹ̀gbọ́n mi ló mú tọ́ọ̀ṣì dání fún mi, torí inú rédíò ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé tọ́ọ̀ṣì yẹn.

Rédíò sọ̀rọ̀. Hausa ló sọ, ọ̀rọ̀ lórí owó kòkó. Mo sáré lọ sẹ́yìn ilé lọ fọ ọwọ́ mi tó dúdú, nítorí ìyá mi kì í fẹ́ rí ìdọ̀tí lọ́wọ́ ọmọbìnrin. Kí n tó gbọn omi dànù, mo gbọ́ ohùn bàbá wa àti ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n jọ ti mọ́ṣáláṣí dé.

"Haba! Ta ló tún un ṣe?"

"Èmi ni, Bàbá."

Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo sáré wọlé, omi ń kán lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Bàbá, èmi ni mo tún un ṣe o." Bàbá wa wò mí, ó wo ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó síwájú rédíò bí ẹni tó bí i. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá wa náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa mí lórí.

Ó ní, "O káre, ọmọ mi. O ṣeun tí o bá ẹ̀gbọ́n rẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání."

Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti mú ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Kumasi, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún rédíò ṣe. Ní tèmi, wọ́n ní kí n máa bá ilé ìwé lọ, nítorí wọn kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n tún lè fi mí sí. Ìwé ni wọ́n fi tù mí nínú. Mo sì jẹ́ kó tù mí nínú débi pé mo gboyè físíìsì, mo sì fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọbìnrin bí iná ṣe ń gba inú wáyà kọjá.

Ọ̀gá ilé ìwé kan wà tí mo bá ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Ìgbàkígbà tí àlejò bá wá wo yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì tí mo fi ọwọ́ ara mi tò, olùkọ́ eré ìdárayá ló máa ń pè kó wá ṣàlàyé ohun tó wà níbẹ̀. Èmi, á ní kí n lọ wò ó bóyá omi tútù ti dé. Ó ti kú báyìí. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Kò sí omi tútù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń sọ. Ó kọ́ṣẹ́ tán, ó padà sí Tamale, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Aboabo, níbi tí ariwo ọ̀kadà kò ti jẹ́ kí èèyàn gbọ́ rédíò tó ń tún ṣe. Ó di gbajúmọ̀. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni ìtàn tó fi ń ta iṣẹ́ náà. Gbogbo oníbàárà ló ń sọ ọ́ fún: bó ṣe tú rédíò bàbá rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé tí kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Nígbà tó di alága ẹgbẹ́ àwa Yorùbá tó wà nílùú yìí, ìtàn náà di àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ bá kó àwọn ọmọ wa jọ kí kálukú wá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn, á dìde, á sọ ọ́. Ọ̀bẹ ìdáná ti di skrúdíràfà. Skrúdíràfà tún di ọwọ́ lásán. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá wa méjì ti di gbogbo ará Aboabo tí wọ́n tú jáde wá wò ó, bẹ́ẹ̀ Tishigu là ń gbé.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo bi í léèrè. Ọdún tí bàbá wa kú ni, nígbà tá a ń pín ẹrù rẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ gbé rédíò náà bí ẹni gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀. Mo ní, "Bùrọ̀dá, kí ló dé tí ẹ fi sọ fún Bàbá pé ẹ̀yin lẹ tún rédíò ṣe?"

Ó gbé e dání, ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Rédíò wo?"

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń dúró de ìdáhùn mìíràn. Owó kọ́ ni mo fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò fẹ́ kó wá dọ̀bálẹ̀ fún mi. Mo kàn fẹ́ kó sọ ọ́ létí ẹlòmíràn, lẹ́ẹ̀kan péré, pé èmi ni.

Lọ́dún tó kọjá, mo pinnu pé mo máa gbé nǹkan kan wá síbi àfihàn náà, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní lè jókòó síwájú rẹ̀ kó ní òun lòun ṣe é. Mo ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń hun fìlà fún àwọn ọmọọmọ wọn, mo sì mọ fìlà hun. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi mọ fìlà. Ohun tí kò mọ̀ ni rọ́bọ́ọ̀tì. Ìdí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ yí ni ìmọ̀ rẹ̀ parí sí, ojú rẹ̀ sì ti ṣú. Ó ṣì ń mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, àmọ́ kò rí ohun tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ náà mọ́. Bó bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló máa ń kọjú sí látàárọ̀ dalẹ́.

Rọ́bọ́ọ̀tì tó ń wá ìmọ́lẹ̀ kiri ni mo yàn láti ṣe. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé fún kíláàsì. Ojú méjì ló ní, ọ̀tún àti òsì. Ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ́ńsọ̀ kékeré kan tí kò ju èékánná ọmọdé lọ, tí ilà pupa wọ́ kọ́lọkọ̀lọ lórí rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń bà á sí ni iná ṣe ń rọ́nà gba inú rẹ̀ sí. Ojú méjèèjì ń ròyìn fún ọpọlọ, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ kan tó ṣe é ká mọ́ àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n ń pè ní máíkrókọ́ńtírólà. Nọ́ńbà ni ọpọlọ fi ń gba ìròyìn náà: òkùnkùn biribiri ni òdo, oòrùn gangan ń sún mọ́ ẹgbẹ̀rún. Bí nọ́ńbà ọ̀tún bá ju tòsì lọ, ọpọlọ á ní kí táyà òsì máa yí, kí tọ̀tún dúró, rọ́bọ́ọ̀tì á sì kọrí sí ọ̀tún. Bí méjèèjì bá dọ́gba, á máa lọ tààrà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ àwọn èèyàn ńlá tí ọpọlọ wọn kò ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Mo gbéra ní Jisonayili níbi tí mò ń gbé, mo lọ sí Tishigu lọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún fóònù ṣe, tó sì ń ta irú nǹkan báyìí. Hausa la fi sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Màámà, ta lẹ fẹ́ rà á fún?"

"Fún ara mi."

"Àbí ọmọọmọ yín ló rán yín? Ẹ pè é lórí fóònù kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́, kẹ́ ẹ má baà ra èyí tí kì í ṣe é."

Mo ka ohun tí mo fẹ́ fún un: pátákó ọpọlọ kan, sẹ́ńsọ̀ ìmọ́lẹ̀ mẹ́fà, ẹ́ńjìnì kékeré méjì pẹ̀lú táyà wọn, ilé bátìrì, wáyà. Mo sọ iye óòmù tí mo fẹ́ kí rẹ̀sísítọ̀ tó ń dín agbára iná kù jẹ́. Ó kó wọn jọ síwájú mi. Ó wá ní, "Màámà, ọmọ yẹn kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín dáadáa o."

Mo sanwó, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti kọ ọ́ mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ló wà.

Oṣù méjì ni mo fi to rọ́bọ́ọ̀tì náà. Ìdí páálí líle kan ni mo gbé e lé. Mo yọ́ lẹ́ẹ̀dì, ó ṣàn kọjá ibi tí mo fẹ́, mo tún un yọ́. Mo kọ àṣẹ tí ọpọlọ yóò tẹ̀ lé sórí kọ̀ǹpútà, mo ṣì í kọ, mo tún un kọ. Nínú pálọ̀, ó ṣe dáadáa: mo bá tan tọ́ọ̀ṣì, ó tẹ̀ lé e bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e jáde sí àgbàlá ní ọ̀sán, oòrùn Tamale bò ó lójú. Ọ̀tún sún mọ́ ẹgbẹ̀rún, òsì sún mọ́ ẹgbẹ̀rún. Kò mọ ibi tó yẹ kó yà sí mọ́, ó wá lọ tààrà kọlu ìkòkò òdòdó.

Mo mọ oògùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ nílò ìbòjì, kí ó lè máa wo iwájú nìkan. Mo ká páálí di ọ̀pá oníhò kékeré méjì, mo fi kọ̀ọ̀kan yí ojú kan po. Ó kù kí inú ihò náà dúdú, kí ìmọ́lẹ̀ má baà máa ta padà níbẹ̀. Mi ò ní ọ̀dà dúdú nílé. Ohun tí mo ní ni tìróò ìyá mi.

Ìgò kékeré kan ni, tí mo ti tọ́jú láti ìgbà tó ti kú. Ìyẹn ni ogún tèmi, nígbà tí ẹlòmíràn gba rédíò. Mo da díẹ̀ sínú àwo, mo fi gọ́ọ̀mù àti omi pò ó, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún. Inú mi dùn. Mo lé tìróò fún rọ́bọ́ọ̀tì bí ìyá mi ṣe ń lé e fún gbogbo ọmọ tuntun tí wọ́n bá gbé wá síwájú àtẹ rẹ̀. Ojú òsì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí búrọ́ọ̀ṣì ṣì kún. Mo ní, "Ojú rẹ á ríran, á ríre." Kò sẹ́ni tó gbọ́, Ọlọ́run sì fojú fo èyí náà.

Bí tìróò ṣe gbẹ, rọ́bọ́ọ̀tì ya wèrè. Òsì ló ń yà sí. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ọ̀tún, ó yà sí òsì. Mo ti fèrèsé, mo pa gbogbo iná, ó ṣì ń yà sí òsì, yípo yípo bíi ti àwọn ọmọdé tó ń ṣeré òòyì. Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, mo ka nọ́ńbà rẹ̀: nínú òkùnkùn, ojú òsì ń sọ ẹgbẹ̀rin. Ojú tó ń rí oòrùn nínú yàrá tí mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.

Mo ní sẹ́ńsọ̀ náà ti bàjẹ́. Mo yọ ọ́, mo fi tuntun sí i, mo sì fi tìróò kùn ún bó ṣe yẹ. Nǹkan kan náà ló ṣẹlẹ̀. Mo yọ ìyẹn náà, mo fi òmíràn sí i, mo tún kun tìróò. Èmi tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì pé ohun tí ẹ bá yí padà kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí! Mo tún gbogbo àṣẹ inú kọ̀ǹpútà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ọjọ́ àfihàn pé, rọ́bọ́ọ̀tì mi ṣì ń yípo nínú pálọ̀ bí alálàájì tó ń ṣe tàwààfù.

Ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi wá kí mi. Ọlọ́kadà kan ló gbé e wá láti Aboabo, tó fà á lọ́wọ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn. Mi ò tètè rí àyè gbé rọ́bọ́ọ̀tì pamọ́.

Ó jókòó, ó gbé etí sókè. Ó ní, "Tíṣà, kí ló ń sáré nílẹ̀ yẹn?"

"Kò sí nǹkan kan, Bùrọ̀dá. Nǹkan ìṣeré ni."

"Ẹsẹ̀ kan ló fi ń rìn. Ẹ́ńjìnì kan ń ké, ìkejì dákẹ́. Gbé e fún mi."

Mo rò ó. Mo lè ní rárá. Àmọ́ èmi tí mo ti darúgbó báyìí ṣì jẹ́ àbúrò. Mo gbé e fún un.

Ó gbé e lé itan. Ó fi ọwọ́ tọ gbogbo wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni tó ń ka tẹ̀sùbáà. Ó bi mí ohun tí èyí ń ṣe, ohun tí tọ̀hún ń ṣe, mo dá a lóhùn ní kúkúrú. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé ojú òsì, ó dúró. Ó fi èékánná ha á, ó fi àtàǹpàkò ra á, ó gbé e sí imú.

"Kí lo fi kun ún?"

Mo rọra ti ìgò tìróò náà sẹ́yìn àga.

"Tìróò Ìyá ni, àbí?" Ẹ̀rín gbé e. Ó rín in títí ó fi wúkọ́. "Wallahi, Tíṣà! Gbogbo ìwé tí o kà yìí! O ò mọ̀ pé tìróò ń gbé iná? Nígbà tá a wà lọ́dọ̀ ọ̀gá ní Kumasi, òkúta tìróò la fi ń gbọ́ rédíò láìlo bátìrì. Wáyà tín-ínrín la máa ń fi tọ́ ọ lórí, títí ohùn á fi jáde. Èyí tí o kùn ti ṣàn wọ ìdí ẹsẹ̀ wáyà méjì tí ojú yìí ní, ó ti so méjèèjì pọ̀. Iná ń gba orí tìróò kọjá, nǹkan rẹ ń rò pé ilẹ̀ ti mọ́."

Mo mọ̀ ọ́n. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Mo ti ya àwòrán rédíò olókúta yẹn sójú pátákó fún kíláàsì mélòó kan, mo sì kọ orúkọ òkúta náà sábẹ́ rẹ̀ ní èdè àwọn onímọ̀. Ṣùgbọ́n òkúta inú ìwé ni ìyẹn. Èyí tó wà nínú ìgò, ti ìyá mi ni, n kò sì mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ó ní kí n gbé sípírítì tí wọ́n fi ń fọ egbò àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó wá. Ó fọ̀ ọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún fọ̀ ọ́. Kò rí ohun tó ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ló rí i. Ó ní, "Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ni kí o gé fi ṣe ìbòjì rẹ̀. Ó dúdú láti ilé, kò sì ní máa gbé iná fún ẹ."

Mo gbé rọ́bọ́ọ̀tì sílẹ̀. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń wọlé. Ó dúró ṣáá bí ẹni tó ń ronú, ó yà sí ọ̀tún, ó gba ẹnu ọ̀nà lọ tààrà.

"Ó lọ, àbí?"

"Ó lọ."

Mo jókòó, mo ń dúró kí ó fọ́nnu. Kò fọ́nnu. Ó mu omi tí mo bù fún un, ó bèèrè bí orúnkún mi ṣe ń ṣe sí, ó ní òun ń lọ kírun. Ó dùn mí gan-an. Ká ní ó fọ́nnu ni, ǹ bá mọ ohun tí mo máa ṣe.

Ní ọjọ́ àfihàn, gbọ̀ngàn kún. Ẹ̀gbọ́n mi wọ funfun, ó fi dígí dúdú bojú, ó dìde sọ ìtàn rédíò. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ọlọ́pàá náà ti wà láàárín èrò tó wá wò ó. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọ wa tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀ pàtẹ́wọ́, àwọn tí kò gbọ́ rárá náà pàtẹ́wọ́. Àwọn aláṣọ híhun kọjá, àwọn onípọ́ọ̀fùpọ́ọ̀fù kọjá, ó wá kàn mí.

Wọ́n ti fèrèsé. Mo gbé rọ́bọ́ọ̀tì sáàárín ilẹ̀, ìbòjì rọ́bà táyà lójú rẹ̀. Mo ní mo fẹ́ ẹni tó máa bá mi mú tọ́ọ̀ṣì dání. Kí ẹnikẹ́ni tó dìde, ẹ̀gbọ́n mi ti nawọ́.

"Gbé e wá, Tíṣà. Èmi lè mú tọ́ọ̀ṣì dání."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó tàn án, rọ́bọ́ọ̀tì yí ojú sí i. Ó gbé e sí ọ̀tún, ó tẹ̀ lé e. Ó gbé e sí òsì, ó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ó fà á wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, rọ́bọ́ọ̀tì sì rìn wá títí ó fi kan bàtà rẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Ìyá àgbà kan lẹ́yìn pariwo pé, "Ẹ wò ó! Ó ń kí Alága! Ó mọ àgbà ju àwọn ọmọ tiwa lọ!" Ilé dàrú. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan rọ́bọ́ọ̀tì lórí, ó ní kí Ọlọ́run dá a sí. Gbogbo gbọ̀ngàn ṣe àmín.

Mo rí i báyìí pé iyì iṣẹ́ ọwọ́ mi tún ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ gbé máìkì wá. Ó ní, "Alhaja, iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ràn yín lọ́wọ́?"

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti gbé etí sókè, ojú rẹ̀ kọjú sí ibi tí ohùn ti ń jáde, tọ́ọ̀ṣì ṣì ń tàn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ó wà lẹ́nu mi: ọ̀sẹ̀ méjì, tìróò, sípírítì, rọ́bà táyà. Kò ní gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Mo ní, "Kò sẹ́nì kankan. Èmi nìkan ni mo ṣe é." Mo sì fi kún un, nítorí ó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún tí gbólóhùn náà ti wà lọ́rùn mi, "Ẹ̀gbọ́n mi ṣeun tó bá mi mú tọ́ọ̀ṣì dání."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ ju ti ìtàn rédíò lọ. Wọ́n dìde dúró. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí mi ò mọ̀ rí wá dì mọ́ mi. Mo rò pé ara á ni mí, ṣùgbọ́n kò ni mí rárá. Ó rọrùn bí ìgbà téèyàn ń fọwọ́ pa ewúrẹ́ lára. Ẹ̀gbọ́n mi gba máìkì, mo rò pé ó máa tú àṣírí mi. Ohun tó sọ kò ju pé kí wọ́n bá òun kí àbúrò òun, láti kékeré ló ti ní làákàyè.

Nígbà tí èrò ń tú ká, mo fà á lọ́wọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà, kó má baà kọsẹ̀ lára àwọn àga. Ó rọra ń rìn. Nígbà tá a dé ibi tí oòrùn ti bà á lójú, ó dúró. Ó dá tọ́ọ̀ṣì mi padà fún mi. Ó wá di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó tẹ orí sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín bíi ti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó jókòó síwájú rédíò.

Ó ní, "Ó dùn, àbí?"